“Shear máa pa á”: Ọ̀rọ̀ tó ń mú wa sùn nígbà tí ìjì ń bọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí. Ẹni tó bá ń wakọ̀ lọ́wọ́, kó fi í sílẹ̀ dìgbà tó bá délé.

Lọ́dọọdún, bí July bá ti ń parí lọ, gbólóhùn kan máa ń jáde lórí WhatsApp wa níbí, láti Houston dé Miami dé Atlanta: “Ẹ má da ara yín láàmú, shear máa pa á.” Ẹni tó sọ ọ́ ti gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣàn tàbí YouTube. Àwọn yòókù á ní “Àmín lórúkọ Jésù,” àwọn mìíràn á ní “Alhamdulillah,” ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa tún wo ibi tí ìjì wà mọ́, àfi ìgbà tí fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lóru.

Èrò tèmi ni pé gbólóhùn yẹn léwu, ó sì yẹ ká dẹ́kun sísọ ọ́. Shear máa ń pa ìjì lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún wa, ààbọ̀ tó kù ló sì máa ń gba ilé lọ́wọ́ èèyàn. Èrò mi kejì ni pé nínú gbogbo àwọn àjèjì tó wà nílẹ̀ yìí, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ hurricane yé àwa jù, torí pé ọ̀nà ilé wa ni púpọ̀ nínú wọn ti ń bọ̀.

Ìgbì afẹ́fẹ́ wọ̀nyí ni mo ń fi PhD mi ṣe. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ká tó wá jà.

Ẹ rántí August break nílé. Òjò á ti máa rọ̀ láti April dé July. Tó bá wá di August, á dáwọ́ dúró díẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Èkó. Ojú ọjọ́ á tutù, oòrùn á fara pamọ́, àwọn ọmọ á ti gba holiday. Òjò yẹn ò sọnù o. Àríwá ló lọ: Sokoto, Kano, Maiduguri, Niamey. Lákòókò yẹn gan-an, aginjù Sàhárà lókè lọ́hùn-ún gbóná bí ààrò, omi òkun tó wà nísàlẹ̀ wa, ìyẹn Gulf of Guinea, sì tutù. Ìyàtọ̀ láàárín ooru tòkè àti òtútù tìsàlẹ̀ yìí ló ń bí afẹ́fẹ́ alágbára kan tó ń fẹ́ láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ní nǹkan bíi kìlómítà 3 sí 4 sókè orí ilẹ̀. African Easterly Jet ni orúkọ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ yìí kì í lọ tààrà. Ó máa ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí odò. Ibi kọ̀ọ̀kan tó bá ti tẹ̀ ni ìgbì kan, òun ni wọ́n ń pè ní tropical wave. Láti ìgbì kan dé èkejì lè tó kìlómítà 2,000 sí 4,000. Lójú kan náà, ọ̀kan máa ń kọjá ní bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún síra wọn. Bí 60 ló máa ń gba orí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kọjá lọ́dún kan, kí wọ́n tó já sínú òkun Àtìláńtíìkì ní etíkun Senegal àti Guinea. Láti orí Nàìjíríà dé Dakar, bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni. Láti Dakar dé àwọn erékùṣù Caribbean, bí ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn àgbà wa tó mọ̀ pé òjò tó bá ṣú láti ìlà oòrùn, tó ń ti ìjì síwájú bọ̀, kì í ṣe òjò àfiṣeré, wọn ò ka ìwé kankan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Irú òjò tó máa ń tò bẹ́ẹ̀, tó ń já páànù tó ń wó igi, sábà máa ń bá ìgbì yìí rìn lókè Ọya lọ́hùn-ún, apá rẹ̀ sì máa ń kàn wá nísàlẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá kọ ọ́ sílẹ̀: Toby Carlson ní 1969, Robert Burpee ní 1972. Wọ́n tọ ipa ìgbì wọ̀nyí padà láti òkun dé orí ilẹ̀ Áfíríkà. Lónìí, ohun tí gbogbo wa tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ ni pé nínú àwọn ìjì tí wọ́n ń sọ lórúkọ ní Àtìláńtíìkì àti àwọn hurricane kéékèèké, bí 60 nínú 100 ló ti ara ìgbì yìí wá. Tó bá wá di àwọn ńlá, Category 3 sókè, bí 85 nínú 100 ni.

Ẹ ṣírò ó wò. Ìgbì 60 lọ́dún. Nínú ọdún tó ṣe déédéé, ìjì tó ń gba orúkọ tó 14, hurricane 7, ńlá 3. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbì yẹn ló ń kú sórí omi láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Kí ló ń pa wọ́n? Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó kún fún eruku Sàhárà wà níbẹ̀, omi tí kò gbóná tó wà níbẹ̀. Wind shear náà wà níbẹ̀.

Kí ni shear? Ẹ rántí òkòtó tí a máa ń ta lọ́mọdé. Bí òkòtó bá dúró ṣánṣán, á máa yí, á máa pọ́n ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ìka ti orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, á ṣubú. Hurricane náà gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, láti ojú omi lọ dé bíi kìlómítà 12 sókè tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ooru tó ń fà láti inú omi lè gba àárín rẹ̀ gòkè. Bí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ bá ń gbé e lọ sí ìwọ̀ oòrùn, tí afẹ́fẹ́ òkè sì ń fẹ́ gba ibòmíràn pẹ̀lú agbára, orí rẹ̀ á tẹ̀, òjò rẹ̀ á sún kúrò lórí ojú rẹ̀, ooru á tú ká. Ìyàtọ̀ láàárín afẹ́fẹ́ òkè àti ti ìsàlẹ̀ yìí ni shear. Tí kò bá tó 10 knots, ìjì ń gbádùn. Tó bá ti ju 20 lọ, nǹkan máa ń le fún un.

Títí débẹ̀, ẹni tó ní “shear máa pa á” sọ òótọ́. Àwọn nǹkan mẹ́rin ni kì í sọ fún wa.

Èkíní, shear ní ibi tó ń gbé, ìgbì sì ń rìn. Ẹ jẹ́ ká mú Harvey, torí àwọn kan nínú wa ní Houston ṣì ń san gbèsè rẹ̀. Ìgbì rẹ̀ kúrò ní etíkun Áfíríkà ní nǹkan bí August 12, 2017. Ní August 17 ó di tropical storm lẹ́gbẹ̀ẹ́ Barbados, ó gba orúkọ. Ó wọ Caribbean, shear ti orí rẹ̀ ṣubú. Ní August 19, National Hurricane Center ní Miami sọ pé ó ti padà di ìgbì lásán. Shear pa á lóòótọ́! Ká ní ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp lọ́jọ́ yẹn, ó jàre. Ṣùgbọ́n ìgbì náà ò dúró ti shear. Ó kọjá Yucatán, ó bọ́ sínú Gulf of Mexico níbi tí omi ti gbóná tí shear ò sì pọ̀. Ní August 23 ó jí. Ní alẹ́ August 25 ó wọ Texas lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rockport, Category 4. Láti ìgbà tó jí, ọjọ́ méjì àti díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló wá dúró sójú kan, ó ń da omi. Ní Nederland, Texas, wọ́n wọn òjò tó lé ní ínǹṣì 60. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, òjò yẹn ju èyí tí Ìbàdàn ń rí ní odindi ọdún kan, nínú ọ̀pọ̀ ọdún.

Èkejì, òkòtó tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ lè tún dìde. Ní October 2025, Melissa gba orúkọ ní Caribbean, shear sì dì í mú fún ọjọ́ mélòó kan. Orí rẹ̀ tẹ̀, kò lè rọra nà. Ó ń rìn bí ìgbín. Shear náà dẹwọ́ díẹ̀, ó to ara rẹ̀ padà lórí omi tó gbóná gan-an, ó sì di Category 5. Ní October 28 ó wọ Jamaica pẹ̀lú afẹ́fẹ́ 185 máìlì ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ kejì ó wọ agbègbè Santiago de Cuba. Fiona náà, ní September 2022, bá shear jà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣì kọlu Puerto Rico, ó sì lọ títí dé Nova Scotia. Ẹ̀yin ará wa ní Kánádà tó máa ń ní “èyí ò kàn wá,” ẹ ti gbọ́.

Ẹ̀kẹta, shear kì í dá òjò dúró. Allison, June 2001: kò di hurricane rí, tropical storm ni títí tó fi lọ. Ó da òjò tó ínǹṣì 40 sí apá kan Texas, ó kún inú àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Houston. Ìpalára rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n yọ orúkọ náà kúrò nínú orúkọ tí wọ́n ń lò. Nítorí náà bí wọ́n bá ní shear ti sọ ọ́ di aláìlera, afẹ́fẹ́ ló di aláìlera. Omi ò tíì sọ tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àsọtẹ́lẹ̀ shear fúnra rẹ̀ máa ń yí. Wọ́n lè rí i lónìí pé shear máa pọ̀ ní Caribbean lọ́jọ́ márùn-ún sí i, kó tó wá di ọjọ́ kẹta, ó ti sún lọ síbòmíràn. Beryl ní 2024 fi hàn wá. June ni ó di hurricane, ìgbà tí ọ̀pọ̀ ò tíì ra omi pamọ́. Ó wọ Carriacou ní July 1 ní Category 4, ó sì di Category 5 tó tètè dé jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní Àtìláńtíìkì. Shear bù ú jẹ lóòótọ́ ní Caribbean, ilẹ̀ Yucatán náà bù ú jẹ. Kó tó dé Texas ní July 8, Category 1 péré ni. Ẹ bi àwọn ará Houston léèrè bóyá “péré” ni. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 ilé àti ṣọ́ọ̀bù tí iná lọ ní wọn, nínú ooru July, àwọn kan fún ọjọ́ púpọ̀. A rò pé a ti fi NEPA sílẹ̀ nílé!

Ẹnì kan lè ní: “Ṣé tó bá jẹ́ ọdún El Niño, ṣé ọkàn wa ò lè balẹ̀?” Òótọ́ ni pé El Niño máa ń mú shear pọ̀ lórí Caribbean àti Àtìláńtíìkì. William Gray ní Colorado State University kọ ọ́ ní 1984, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n 2023 jẹ́ ọdún El Niño, omi Àtìláńtíìkì sì gbóná kọjá ààlà, ìjì 20 ló gba orúkọ. Idalia wọ Florida ní August 30 ọdún yẹn, Category 3. El Niño ń sọ iye ìjì tó ṣeé ṣe kó wà. Kò lè sọ èyí tó máa yà sí àdúgbò ẹ. Ìjì kan ṣoṣo tó wọlé rẹ ti tó ọ.

Gray kan náà fi hàn pẹ̀lú pé lọ́dún tí òjò bá dára ní Sahel, àwọn hurricane ńlá máa ń pọ̀ sí i ní Àtìláńtíìkì. Ẹ tún un kà. Òjò tí àgbẹ̀ Sokoto ń yọ̀ sí àti ìjì tí ará Florida ń bẹ̀rù, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀ pé á bí àwọn kan nínú. Lọ́dọọdún, àwòrán kan máa ń kiri tó fi ipa hurricane àti ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn olówò ẹrú gbà hàn pa pọ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀mí àwọn baba ńlá wa tí wọ́n jù sómi ló ń bínú. Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń dùn lọ́kàn. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn lórí òkun yẹn ran àwọn ọkọ̀ yẹn lọ́wọ́ lóòótọ́, òun náà ló sì ń gbé ìgbì lọ. Mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni tó ń ké pe Ọya jà. Ní Kúbà títí dòní, orúkọ Ọya ni wọ́n ń pè bí afẹ́fẹ́ bá dìde. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ìjì ń pa. Haiti, Jamaica, ìlà oòrùn Kúbà, àwọn ènìyàn dúdú New Orleans. Bó bá jẹ́ àwọn baba ńlá ló ń bínú, kí ló dé tó jẹ́ àwọn ọmọ wọn gan-an ni wọ́n ń lù? Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ ká béèrè ìbéèrè tó yẹ: ta ló ń wọn afẹ́fẹ́ yìí nígbà tó wà lórí ilẹ̀ wa?

Ìdáhùn rẹ̀ kò dùn. Láti mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe lókè, wọ́n máa ń fi bálúùnù ránṣẹ́ sókè pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan nídìí rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ó máa ń wọn afẹ́fẹ́, ooru àti ọ̀rinrin bó ṣe ń gòkè. Ibùdó tó ń ṣe é ní Amẹ́ríkà tó 92. Áfíríkà tó fi ìlọ́po mẹ́ta ju Amẹ́ríkà lọ ni ilẹ̀ tí irú ìwọ̀n yìí ti ṣọ̀wọ́n jù láyé. Ibùdó kan á ṣiṣẹ́ lóṣù yìí, gáàsì á tán lóṣù tó ń bọ̀, tàbí owó bálúùnù ò ní jáde. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè parapọ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí AMMA ní 2006, wọ́n jí ọ̀pọ̀ ibùdó dìde ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún kan náà àti ní 2022, NASA gbé ọkọ̀ òfurufú lọ sí Cape Verde láti wọn ìgbì wọ̀nyí. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí owó ìwádìí bá tán, oníkálukú á palẹ̀ mọ́, ìgbì ò sì palẹ̀ mọ́.

Wọ́n á ní sátẹ́láìtì wà. Sátẹ́láìtì wà, ó sì ń gbìyànjú. Ó ń rí orí àwọsánmà dáadáa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àwọsánmà, ní kìlómítà 3 sókè níbi tí ìgbì ti ń gbó, ṣòro fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ nílò ìwọ̀n tó dájú tó lè fi tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà. Àìsí ìwọ̀n yẹn kì í ṣe ìṣòro Amẹ́ríkà nìkan. Ìgbì yìí ń pa èèyàn nílé kó tó ronú òkun rárá. Ní September 1, 2009, òjò tó tó mìlímítà 263 rọ̀ sórí Ouagadougou láàárín wákàtí díẹ̀. Àwọn olùwádìí tọ ọ́ dé ọ̀dọ̀ ìgbì wọ̀nyí. Orúkọ kankan ò sí fún òjò yẹn. Ìjì kì í gba orúkọ àfi tó bá dé orí omi, tó dojú kọ ilé ẹlòmíràn.

Ìtàn ti kọ́ wa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá kẹ́gàn ẹni tí ìjì kọ́kọ́ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1900, àwọn ará Kúbà ti mọ ìjì dáadáa. Láti àwọn ọdún 1870 ni àlùfáà Benito Viñes ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ ìjì ní Havana. Amẹ́ríkà ló ń ṣàkóso Kúbà lásìkò náà, àwọn ọ̀gá ojú ọjọ́ ní Washington sì ti dí ọ̀nà tẹligíráàmù tí àwọn ará Kúbà fi ń ránṣẹ́ nípa ìjì. Wọ́n ní ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Ìjì kan kọjá Kúbà ní September ọdún yẹn. Àwọn ará Havana ní inú Gulf ló ń lọ, lápá Texas. Washington ní ó ń yí lọ sí Florida. Ní September 8 ó wọ Galveston. Àwọn tó kú tó 8,000, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, kò sí àjálù ojú ọjọ́ tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ṣé a ti gbọ́n? Ní 2025, àwọn ọ́fíìsì kan ní Amẹ́ríkà níbí gan-an dín bálúùnù kù torí pé òṣìṣẹ́ ò tó. Lọ́nà tiwa, iye owó tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ń ná sórí ankara àti gbọ̀ngàn lọ́dún lè ra bálúùnù. Mi ò ní ká má jó. Mo ní ká fi ọ̀rọ̀ yìí kún ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ àwọn gómìnà tó ń wá kí wa ní Houston àti Maryland, tí à ń ya fọ́tò pẹ̀lú wọn. Ẹ béèrè pé: yunifásítì ìpínlẹ̀ wa tó ní ẹ̀ka ojú ọjọ́, ṣé bálúùnù ń gòkè níbẹ̀? NiMet ńkọ́, ṣé owó gáàsì ń dé ọwọ́ wọn? Láti 2021 ni owó kan ti wà lábẹ́ àwọn àjọ àgbáyé, SOFF, tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ fún irú ìwọ̀n yìí ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Àwọn aṣojú wa lè tì í lẹ́yìn kó pọ̀ sí i, kó sì pẹ́.

Tó bá wá kan ilé tiwa níbí, ẹ gbọ́ ohun tí mo rò pé ó yẹ ká máa ṣe dípò “shear máa pa á.”

Insurance ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Insurance ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ọ̀tọ̀ ni flood insurance, èyí tó sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ sábà máa ń gba ọjọ́ 30 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ wo Harvey padà: láti ọjọ́ tí ìgbì rẹ̀ kúrò ní Áfíríkà dé ọjọ́ tó wọ Texas, ọjọ́ 13 ni. Ká ní ẹ rí i ní Dakar, kẹ́ ẹ sáré ra insurance lọ́jọ́ kan náà, ẹ ti pẹ́ jù. Àárín May ló yẹ kó ti wà nílẹ̀, kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀ ní June 1.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa wo ìgbì kó tó di ìjì. National Hurricane Center ń gbé map ọjọ́ méje jáde: yẹ́lò, kò tó 40 nínú 100, ọ́ráǹjì, 40 sí 60, pupa, ó ju 60 lọ. Wọ́n tún ń kọ àlàyé lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́, níbi tí wọ́n ti ń dárúkọ ibi tí ìgbì kọ̀ọ̀kan wà. Bí wọ́n bá kọ 20W, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ni. 60W, ó ti dé ẹnu ọ̀nà Caribbean. Ìṣẹ́jú méjì ló máa gbà yín láàárọ̀, ó kéré sí èyí tí ẹ ń lò lórí skit.

Nígbà tí wọ́n bá wá ya cone, ẹ má rò pé fífẹ̀ ìjì nìyẹn. Ibi tí àárín ìjì lè gbà nìkan ni, ó sì máa ń jáde kúrò nínú rẹ̀ ní bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta. Òjò àti omi òkun tó ń ya wọlé lè bá ẹ níta cone. Àwọn map ọjọ́ 14 tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé “ó ń bọ̀ wá run Houston,” ẹ pa wọ́n rẹ́. Ìbẹ̀rù òfìfo àti oorun òfìfo, ìyá kan náà ló bí wọn.

Èyí tó ká mi lára jù ni àwọn ìyá wa. Ẹ mọ̀ pé August àti September ni ọ̀pọ̀ màmá máa ń wà níbí láti wá bá wa tọ́ ọmọ. Gẹ̀ẹ́sì àti Spanish ni ìkìlọ̀ máa ń bá wọlé sórí fóònù. Ìwọ ti lọ ṣe shift lóru, ọkọ rẹ wà ní ibi iṣẹ́ kejì, màmá nìkan ló wà nílé pẹ̀lú ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fóònù wá ń ké bí ìgbà tí wọ́n ń sọ ọlọ́ṣà. Kí ni kí wọ́n ṣe? Ṣé kí wọ́n jáde ni, àbí kí wọ́n jókòó? Ẹ jókòó tì wọ́n kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá: “Mọ́mì, bí fóònù bá ké báyìí, ẹ pe lágbájá. Bí omi bá wọ ilẹ̀, ẹ gòkè. Ẹ má wọ inú omi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mọ́tò gbé yín gba inú omi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín wà nínú báàgì yìí, ti ọ̀sẹ̀ méjì.” Kí ẹ mọ evacuation zone yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ mọ́ ara fíríìjì. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí wa tó ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ọ́ ní June, kí ìkéde aṣọ ẹbí tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹnì kan bá tún wá kọ ọ́ sórí WhatsApp pé shear máa pa á, ẹ má bú u. Ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Shear ti ibi tó wà lónìí ni, àbí ti ibi tó ń lọ lọ́jọ́ mẹ́ta sí i? Tó bá pa á, òjò rẹ̀ ńkọ́? Tó bá tún jí bíi Harvey, ọjọ́ mélòó ló kù fún wa? Bí kò bá lè dáhùn, kó jẹ́ ká máa wò ó lọ.

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun. Ojú tiwa jìn, torí ilé ni ìgbì yìí ti ń bọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń pe ilé lọ́jọ́ Sunday, tí wọ́n sọ fún yín pé òjò ńlá kan já páànù láàná ní Sokoto tàbí Kano, ẹ bá wọn kẹ́dùn, ẹ fi owó páànù ránṣẹ́, kẹ́ ẹ sì ka ọjọ́ méjìlá sórí kàlẹ́ńdà tiyín níbí.

Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sí ẹni tí màmá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.